Abọ́ Aláwọ̀ Ewé

Láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ pé jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ti sọ gbogbo ẹ̀dọ̀ mi di àpá ni abọ́ tèmi ti dá wà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ra abọ́ aláwọ̀ ewé náà, wọ́n sì ra ṣíbí tì í. Ní ilé bàbá wa ní Múṣín, inú àwo ńlá kan ṣoṣo ni gbogbo ọkùnrin ilé ti máa ń ṣínu nínú oṣù ààwẹ̀. Dókítà ṣàlàyé pé àìsàn mi kì í ràn nídìí oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn gbọ́. Abọ́ náà kò kúrò.

Mi ò lè gbààwẹ̀ mọ́, síbẹ̀ mo máa ń fi ebi dúró dè wọ́n títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọn á jókòó yí àwo ká, èmi á dá jẹ tèmi lórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó máa ń dùn mí ju ẹ̀dọ̀ lọ.

Nígbà tí mo gbọ́ pé ìtọ́jú tuntun kan lè pa àpá ẹ̀dọ̀ rẹ́, àyè mi nídìí àwo ni mo kọ́kọ́ rò. Ẹ̀gbọ́n mi sìn mí lọ sí ọsibítù ní Sùúrùlérè. Dókítà, obìnrin kan tí kò ju ọmọ wa lọ, sọ pé wọ́n máa ń fa àwọn sẹ́ẹ̀lì kan láti inú mùdùnmúdùn egungun, wọn á dà á sínú ara, bóyá ẹ̀dọ̀ á lè tún ara rẹ̀ ṣe. Ó ní wọ́n ṣì ń dán an wò ni, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún mi bí àgbo.

Ẹ̀gbọ́n mi ká ṣòkòtò sókè. “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa tèmi. Ọmọ ìyá kan náà ni wá, egungun mi ṣì le.”

“Ẹ ṣeun, bàbá, a ò tíì fẹ́ fa nǹkan kan. Kí wọ́n ṣáà máa lo oògùn wọn. Ẹ sì jọ máa jẹun, kò léwu.”

Omi bọ́ lójú mi. Ẹni tí kò fún mi ní ẹran rẹ̀ rí nígbà tá a wà ní kékeré. Òótọ́ ni wọ́n sọ pé okùn ọmọ ìyá yi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo fọ ọwọ́ mi, mo lọ jókòó nídìí àwo. Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Wọ́n gbé abọ́ aláwọ̀ ewé wá, wọ́n bu ìrẹsì kún un, wọ́n sì kó gbogbo ẹran tiwọn lé e lórí.

“Jẹun dáadáa, àbúrò mi.”

Mo ní ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo gbé e padà sórí bẹ́ǹṣì.