Omi Inú Táǹkì Alága

Ọkùnrin tó jẹ́ ọ̀gá mi nílé iṣẹ́ ìjọba fún ọdún mọ́kànlá ló tún wá di alága ẹgbẹ́ onílé nínú kílóòsì wa ní Festac. Èmi ni mo máa ń yẹ omi wò ní làábù nígbà náà, òun ló máa ń buwọ́ lu èsì rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n fẹ́ gbé mi ga, lẹ́ẹ̀mejì náà ló kọ̀wé pé ẹnu mi mú jù. Mi ò tíì dárí jì í, mi ò sì ní purọ́ pé mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí omi kànga ẹ̀rọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í níyọ̀, ó dìde nínú ìpàdé, ó ní sókàwéè mi, ìyẹn kòtò tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mi ń dà sí, ló ń jò sí i. Ilé rẹ̀ ló gbẹ̀yìn, ó kángun sí ọ̀sà. Tèmi ló tẹ̀ lé e. Ó ní kí ẹgbẹ́ pàṣẹ pé kí n dí sókàwéè náà, kí n gbẹ́ òmíràn síwájú ilé. Ìyẹn ni pé lójú gbogbo àdúgbò, èmi tí mo fi gbogbo ayé mi yẹ omi wò ni mò ń fún aládùúgbò mi ní ìgbẹ́ mu.

Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ̀rọ ńlá tó fi ń fa omi tà fún àwọn mẹ́ruwà tó ń ti omi kiri láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń fa omi ọ̀sà wọlé. Ó ku kí n fi hàn. Ọmọ mi obìnrin ti bá mi fi sọ́fítíwíà kan sínú kọ̀ǹpútà. Èèyàn á kọ ohun tó wà nínú omi kànga tó dára sínú rẹ̀, á kọ ti omi ọ̀sà, á ní kó po wọ́n pọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí àbájáde á fi jọ omi tó ń wádìí. Bí wọ́n bá ti jọra, a ti mọ ibi tí omi náà ti wá.

Mo bu omi kànga tèmi tó ṣì dára, mo bu ti ọ̀sà. Ó ku ti alága. Orí kànga gan-an ló yẹ kí n ti bù ú, àmọ́ inú yàrá ẹ̀rọ tó máa ń tì pa ló wà, mi ò sì lè tọrọ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìpàdé àdúrà nílé rẹ̀, mo wọ kíṣìnnì, mo bu omi ẹnu ẹ̀rọ sínú ìgò.

Làábù kan lápá Alákijà bá mi wọn ohun tó wà nínú ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bá sọ́fítíwíà jà. Bí mo bá fi iyọ̀ wò ó, ó ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ni omi ọ̀sà. Bí mo bá fi sọ́féètì, èròjà mìíràn tó máa ń pọ̀ nínú omi ọ̀sà, wò ó, ó ní ó ju ìlàjì lọ. Omi náà tún kan ju bó ṣe yẹ lọ. Ká ní ọmọ iṣẹ́ mi ló gbé irú rẹ̀ wá láyé ìgbà yẹn, ǹ bá ní kó padà lọ bu omi mìíràn. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mo mú èyí tó máa dun alága jù. Mo kọ ọ́ sórí wásáàpù ẹgbẹ́ pé ó ju ìlàjì omi tó ń tà lọ tó jẹ́ omi ọ̀sà.

Ó fi ohùn ránṣẹ́. "Ẹ kú iṣẹ́ o, màdámù oníkẹ́mísìrì. Bó bá jẹ́ ìlàjì ni, a ò bá ti máa fi se ẹja láìra iyọ̀. Níbo lẹ ti bù ú?"

Mo ní nínú kíṣìnnì wọn ni.

"Háà! Omi táǹkì lẹ bù! Gbogbo Sátidé ni mò ń da álọ́ọ̀mù sí i kó lè tòrò. Ẹ̀yin kì í dà á sí tiyín ni?"

Mo ń dà á. Gbogbo kílóòsì ló ń dà á. Inú álọ́ọ̀mù ni sọ́féètì yẹn ti wá, òun náà ló sọ omi di kíkan. Ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín lórí wásáàpù títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ tọrọ kọ́kọ́rọ́. Ó dúró tì mí bí mo ṣe ń bù ú. "Ẹ rọra o, kẹ́ ẹ má tún lọ bu omi bátìrì."

Lọ́tẹ̀ yìí, iyọ̀ àti sọ́féètì fohùn ṣọ̀kan: ìdá kan nínú mẹ́wàá. Náítíréètì, tí omi sókàwéè kì í ṣàìní, kò tó nǹkan. Mo gbé ìwé náà lọ sí ìpàdé. Mi ò tíì sọ gbólóhùn mẹ́ta tí ìyá ìjọ kan fi dá mi dúró.

"Màdámù, lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹ ní ìlàjì. Lónìí ẹ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá. Tó bá dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?"

Alága dìde. Ó kàn ní kí àwọn tó gbà pé ẹ̀bi mi kọ́ nawọ́. Ọwọ́ mẹ́ta péré ló tẹ̀ lé tèmi.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn tó ń gbẹ́ kòtò dé láti Ijegun-Egba, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ níwájú ilé mi. Ọ̀kan nínú wọn bèèrè omi. Mo bù ú fún un láti orí kànga mi tààrà. Ó mu ún díẹ̀, ó dá ife dúró lẹ́nu.

"Màmá, omi yín ti ń níyọ̀ o."

Mo gba ife náà, mo tọ́ ọ wò. Òótọ́ ni: omi ọ̀sà ti dé ọ̀dọ̀ tèmi náà.