Ọkọ̀ Ogun Òyìnbó àti Ọkọ̀ Bàbá Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí katapílà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la títì Lẹ́kkí bọ̀ lọ́dọ̀ wa nítòsí Ajah, òyìnbó Jámánì kan tó ń wọn ọ̀nà máa ń sinmi ní àgbàlá wa. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi bàbá bàbá mi ló máa ń jókòó sí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀: àwa ará etí òkun kì í fi ọkọ̀ tó ti gbé èèyàn délé láyọ̀ dáná. Ẹ̀yìn ilé la máa ń dojú rẹ̀ dé sí kó jẹrà fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ṣí i nípò mọ́. Wàhálà wa ni pé ibi tí ọkọ̀ yẹn wà gan-an ni títì fẹ́ gbà.

Lọ́jọ́ kan, bàbá mi sọ ẹni tó ni ọkọ̀ náà fún un, dírẹ́bà òyìnbó náà ń túmọ̀. Òyìnbó bá fa fọ́tò ọkọ̀ ogun kan yọ. Ó ní inú rẹ̀ ni bàbá bàbá òun ti ń kó èédú sínú iná. Ìbọn ńlá méjì wà níwájú, méjì lẹ́yìn, àwọn kéékèèké tò sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀pá èéfín mẹ́ta dúró láàárín. Irin ara rẹ̀ nípọn bí ògiri. Kò pẹ́ tí wọ́n kàn án tán ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan ọkọ̀ ogun mìíràn tó ń sáré jù ú lọ, tí ìbọn ńlá kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ni ti àwọn Jámánì bá di ògbólógbòó. Ó ja ogun díẹ̀, ó wá di ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi níṣẹ́. Orí mi dàrú. Báwo ni nǹkan tuntun ṣe ń di ògbólógbòó? Irin sì ń léfòó kẹ̀?

"Ibo ló wà báyìí?" ni bàbá mi bi í.

"Ó ní wọ́n ti gé e wẹ́wẹ́, wọ́n tà á fún àwọn oníirin," ni dírẹ́bà wí.

Màmá mi pàtẹ́wọ́, ó kúnlẹ̀. "Háà! Ẹ kú àfẹ́kù o, ọ̀gá. Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ rí irú ẹ̀ mọ́." Ó sáré gbé ẹja yíyan fún un bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Òyìnbó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jẹ ẹja náà. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, ẹ̀rù rẹ̀ sì tún ń bà mí.

Bàbá mi rò pé ẹni tí wọ́n gé ọkọ̀ bàbá bàbá rẹ̀ kò ní jẹ́ kí wọ́n ba ti ẹlòmíràn jẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́ kó yẹ ọ̀nà náà díẹ̀. Òyìnbó mi orí.

"Bàbá, ẹ má bínú, ó ní kò sí lọ́wọ́ òun," ni dírẹ́bà wí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá mi kò jẹ́ kí katapílà fọwọ́ kan ọkọ̀ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló mú àáké. Ó ń gé e, ó ń sunkún, bẹ́ẹ̀ n kò rí i kó sunkún rí. Òyìnbó ṣí fìlà, ó dúró tì í. Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá ó ń bá a kẹ́dùn ni, àbí ó ń retí kí iṣẹ́ parí. Òkun la kó igi náà dà sí. A kò dáná lọ́jọ́ náà, gààrí la mu.

Ayé ti yí padà. Ilé alájà ti kún ibẹ̀, àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí sì ń gba ibẹ̀ kọjá ní ìdájí. Bí a bá ń kọjá, àwọn ọmọ-ọmọ mi á ní, "Màmá àgbà, ibo ni ọkọ̀ yẹn wà gan-an?" Mo máa ń nawọ́ sí àárín títì. Wọ́n á wò ó, mọ́tò ni wọ́n á rí. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kàn ń nawọ́ ni. Èmi gan-an kò mọ ibẹ̀ mọ́.