Epo Ìṣákọ́lẹ̀ Abà Kùsà

Abà Kùsà wà lẹ́yìn Sekona, bí èèyàn bá ń ti Ẹdẹ bọ̀. Níbẹ̀, kò sí ẹ̀yìnkùlé tí kòtò pọ̀ sí tó ti Kúlúsúmù, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ń ta gààrí. Mẹ́ta gbáko ni àwọn awagóòlù gbẹ́ sílẹ̀ lọ, omi pupa kún wọn, ọ̀pọ̀lọ́ ò jẹ́ kéèyàn sùn. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀, Bùràímọ̀, ti kú, òun ni olórí ilé.

Ìṣojú rẹ̀ ni góòlù jáde létí odò, tí àlejò ń wọ́ bọ̀, tí èèyàn ń sùn sábẹ́ igi máńgòrò nítorí àìríyàrá. Baálẹ̀ ìgbà náà ò gbowó lọ́wọ́ wọn. Ìṣákọ́lẹ̀ ló ń gbà, bí wọ́n ṣe ń gbà á lọ́wọ́ àgbẹ̀: epo, iṣu, ewúrẹ́. Wọ́n á pín in yí ilé ká. Ilé tó bá gba ìpín tirẹ̀ ti gbà kí àlejò walẹ̀ nìyẹn. Bí ilé kan ṣoṣo bá kọ̀, ọkọ́ ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Kò sílé tó kọ̀ rí. Ta ni yóò kọ epo?

Góòlù tán, àlejò bá tiwọn lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ yàrá méjì fún ilé ìwé, atẹ́gùn ká òrùlé ọ̀kan, wọ́n ní kò sówó. Abà náà ò sì ní kọ́bọ̀ lápò.

Lẹ́yìn Iléyá ọdún yìí, ọkùnrin kan, Ìbùkún, gbé ọkọ̀ dé. Ó ní góòlù ṣì kù nínú iyanrìn tí wọ́n dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, ẹ̀rọ àwọn lè fọ̀ ọ́. Ó ṣèlérí fún Mansur, ọmọ Kúlúsúmù tó ń gun ọ̀kadà nígboro Ẹdẹ, pé ọmọ náà ni yóò máa wa katakata àwọn. Ó wá gbé kẹ́ẹ̀gì epo fún Baálẹ̀ Ògúndèyí. Wọ́n pín in sínú ìgò.

Mansur gbé tilé wọn dé iwájú ìyá rẹ̀, níbi tó ti ń jọ gààrí.

"Ìyá mi, ẹ wo epo! Ó pọ́n ròdòròdò."

"Gbé e síbẹ̀."

Ó tẹjú mọ́ ọn. Epo ìjọ́sí, òun náà fi dín àkàrà, ó fi se ẹ̀fọ́, ó fi ra ọmọ lára. Àwọn tó kó góòlù lọ ti fi kọ́lé síbòmíràn. Àwọn onílẹ̀ sè é lọ́bẹ̀, wọ́n nu ẹnu. Ó gbé ìgò náà, ó di ilé Baálẹ̀.

"Baba, ilé Bùràímọ̀ ò gbà."

"Ìyá Mansur, epo ò dáa ni?"

"Ó dáa. Kí wọ́n kọ́kọ́ dí kòtò ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé, kí wọ́n gbẹ́ kànga fún wa, ká tó sọ̀rọ̀ epo."

Ìbùkún rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ńṣì. "Màmá ti di gómìnà! Wọn ò bi wá ní irú èyí lódìkejì odò o. Wọ́n ń dúró dè wá."

"Ẹ bá wa kí wọn."

Baálẹ̀ ní kí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì náà jáde. Òun náà ò lè yí àṣà padà.

Kó tó di ìrun Àsárì, oníkálukú ti ń da epo padà sínú kẹ́ẹ̀gì. Fọláṣadé, aládùúgbò, ti fi ìdajì tirẹ̀ se ẹ̀wà. "Kúlúsúmù, o ṣeun o! Mo tún ń ra epo láti fi dá epo padà!"

Mansur ló gbé kẹ́ẹ̀gì sẹ́yìn ọkọ̀ Ìbùkún. Lẹ́yìn náà, òun alára wọ inú ọkọ̀, ó jókòó. Katakata tí kò ní wà níbí, yóò lọ wà á lódìkejì. Ìyá rẹ̀ rìn dé ojú fèrèsé.

"O ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Ìyá mi."

Kò jẹ nǹkan kan láti àárọ̀, àwọn méjèèjì sì mọ̀. Ọkọ̀ gbéra.

"Níbo la ti máa rówó kànga báyìí?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Mi ò tíì mọ̀, Baba," ni Kúlúsúmù wí. Ojú rẹ̀ ò kúrò lọ́nà odò.