Ìbéèrè Méjì Létí Kànga

"Ṣé iná ti kú?"

Mo dùbúlẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tútù, mo na ọrùn wo inú ihò. Fìtílà tí bàbá agbẹ́kànga fi okùn sọ̀ kalẹ̀ ń jó nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Òórùn amọ̀ àti kẹrosíìnì kún imú mi.

"Kò kú, Bàbá."

"Ṣé yẹ̀pẹ̀ ń bọ́?"

Láràárọ̀ ló ń bi mí bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wọ kànga tí wọ́n ń gbẹ́ lẹ́yìnkùlé wa ní Ìgàńdó. Iná kò gbọdọ̀ kú, torí ibi tí iná bá ti kú, èèyàn ò lè mí níbẹ̀; yẹ̀pẹ̀ kò sì gbọdọ̀ bọ́. Bí ìdáhùn kan péré bá jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni", iṣẹ́ ti parí lọ́jọ́ yẹn. Ó ní etí mi ló mú jù. Gbogbo ará ilé ni mo rántí lórúkọ, Ìyá Rísí, Múfú télọ̀, Bọ́sẹ̀ olójú kan. Orúkọ bàbá yìí nìkan ni n kò bèèrè rí. Sáà yẹn ni Àǹtí Fọlákẹ́ ń kọ́ wa ní "neither" àti "nor" ní kíláàsì, pé kì í ṣe èyí, kì í sì í ṣe ìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń hó o bí orin. Ihò yẹn ni èmi ń rí.

Mo gbọ́ yẹ̀pẹ̀ tó ń bọ́ láàárọ̀ yẹn: ṣííí, bí ẹni da ìrẹsì díẹ̀ sínú àwo. Ó dákẹ́. Délé ẹ̀gbọ́n mi, tó ń bá bàbá gbẹ́ ẹ, ti so okùn mọ́ ìdí. Màámi dúró tì wá pẹ̀lú garawa òfìfo; ọrùn ń dun gbogbo wa nítorí omi odò tí à ń rù.

"Dáhùn jàre, ojo!" Délé ní. "Àbí o ti sùn ni?"

"Kò bọ́, Bàbá."

Délé wọ kànga. Bí orí rẹ̀ ti rì kúrò lójú mi báyìí, mo na ọrùn tẹ̀ lé e.  Ìgbà tó yá ni mo kígbe: "Ó bọ́! Bàbá, mo purọ́, ó bọ́!"

Bàbá ò bèèrè ohunkóhun. Òun àti Múfú tó ń bá a di okùn mú fa okùn náà títí Délé fi yọ, tó ń ṣépè fún mi.

"Àlá ló lá! Mi ò tiẹ̀ tíì dé ìdajì!"

Bàbá wò mí. "O ti sọ méjì. Èwo ni kí n gbà?"

"Èkejì, sà."

Ó ká okùn rẹ̀, ó jókòó. Kí a tó jẹun ọ̀sán, ẹ̀gbẹ́ kànga ya lulẹ̀. Ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. 

Ọmọ ọmọ mi tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ ṣe ń ṣírò: "bẹ́ẹ̀ ni" kan ṣoṣo nínú ìdáhùn méjì ti tó láti dá gbogbo rẹ̀ dúró. Mo ní mo mọ̀.

Oṣù tó kọjá la sin Délé. Orí bẹ́ẹ̀dì ló kú sí, arúgbó, àwọn ọmọ rẹ̀ yí i ká. Wọ́n ní kí n má sunkún, pé ó ti pẹ́ láyé. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀mí rẹ̀ wà lẹ́nu mi nígbà kan, tí mo sì fi ẹnu ọ̀hún purọ́. Títí dòní, bí wọ́n bá bi mí ní nǹkan, bó tilẹ̀ jẹ́ iyọ̀ ọbẹ̀ ni, àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó lè fèsì.