Kíláàsì Tó Ń Ná Lẹ́tà

Lọ́dún 2004, kò sí tíṣà kan ní gbogbo Ìkòsì tó lè fi ojú lásán pa ọgọ́rin ọmọ lẹ́nu mọ́ bí Dorothy Ṣóbọ̀wálé. Kíláàsì kìíní ló ń kọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ó ga, ó sì lóhùn débi pé bó bá ń pe A B D fáwọn ọmọ lábẹ́ òrùlé páànù, àwọn tó ń já iṣu ní Mile 12 fẹ́rẹ̀ẹ́ lè máa bá a gbè é. Iṣẹ́ náà ti wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé nílé pàápàá, bí Enoch ọkọ rẹ̀ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ nawọ́ sókè.

Nítorí náà, nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ ní àwọn fẹ́ ṣí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ fáwọn àgbàlagbà ọlọ́jà tí kò mọ̀wé kà, ọ̀gá ilé ìwé kò wo ẹlòmíì lójú.

"Ìyáàfin Ṣóbọ̀wálé," ni wọ́n wí, "ẹni tó kápá ọmọ ọdún márùn-ún, kí ni àgbàlagbà fẹ́ fi ṣe é?"

Dorothy rẹ́rìn-ín, ó gbà. Ó ṣáà mọ̀ pé àgbàlagbà kì í tọ̀ sára.

Aago mẹ́rin ni wọ́n fi àdéhùn sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó lù, Bàbá Ọláìyá nìkan ló wà níjokòó, apẹja àtijọ́ kan tó wá láti Àgbóyì, tí ṣòkòtò rẹ̀ ṣì tutù láti orúnkún dé ìsàlẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu márùn-ún kí àwọn obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ọjà. Alhaja Ajarat ló ṣáájú, ẹni tó ń ta ata àti tòmátì ní apẹ̀rẹ̀-apẹ̀rẹ̀. Ìbíjọkẹ́ oníṣu tẹ̀ lé e, obìnrin sísanra kan tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Àwọn yòókù rọ́ tẹ̀ lé wọn.

Bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kékeré ló wà nílẹ̀. Bí Ìbíjọkẹ́ ṣe fi ìdí lé e báyìí, bẹ́ǹṣì náà ké kẹ̀ẹ̀, ó rọra kúnlẹ̀, gbogbo àwọn tó wà lórí rẹ̀ sì yọ̀ lọ sọ́dọ̀ Ìbíjọkẹ́ bí ìgbà tí wọ́n da iṣu sílẹ̀ lórí ọkọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí gèlè fi tú. Dorothy pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta bó ti máa ń ṣe fáwọn ọmọ rẹ̀.

"Ó tó. Gbogbo yín, ẹ fi ìka sẹ́nu."

Alhaja Ajarat wo ọwọ́ ara rẹ̀ dáadáa. "Aunty, ìka tí mo fi ń ṣa ata rodo láti àárọ̀ ni kí n fi sẹ́nu?"

Ẹ̀rín tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀, Dorothy gbé ṣọ́ọ̀kì, ó ní lẹ́tà márùn-ún ni àwọn máa kọ́ lọ́jọ́ náà.

"Ó ti wọ́n jù," ni Ìbíjọkẹ́ wí. "Ẹ jẹ́ kó jẹ́ méjì."

"Ẹ̀yin màmá mi, wọn kì í ná lẹ́tà."

"Kí ni wọn kì í ná?" ni Alhaja bi í. "Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ, Aunty. Méjì, kẹ́ ẹ wá fi ẹyọ kan ṣe èènì."

"Mẹ́rin. Mi ò lè dín in mọ́."

"Mẹ́ta. Ẹ bá wa ṣe é, a ṣì máa padà wá, oníbàárà yín la jẹ́."

Kí Dorothy tó mọ ohun tó ń ṣe, ẹnu rẹ̀ ti já an jù sílẹ̀: "Ó dáa, ẹ mówó wá." Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un. Òun náà wojú pátákó ìkọ̀wé, ó ń rò ó bóyá ohun tí ìjọba rán òun nìyẹn.

Bí lẹ́tà mẹ́ta náà bá tilẹ̀ dúró lórí wọn, ì bá sàn. Lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó rántí ọ̀kankan. Dorothy mú orin wá, wọ́n sọ orin náà di ijó, wọ́n jó o títí àkókò fi tó láti lọ sílé. Ó gbé àwòrán kọ́, ó ní B ni bàtà, Ìbíjọkẹ́ sì fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ra irú bàtà yẹn. Ó ní E ni ejò, Bàbá Ọláìyá sì dìde láti ròyìn erè kan tó bá pàdé nínú odò Ògùn nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Erè náà gùn, ìròyìn rẹ̀ sì gùn jù ú lọ. Gbogbo ohun tó fi ń mú ọmọ kékeré, orin, àtẹ́wọ́, ojú líle, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi ṣeré.

"Wọ́n ti ṣẹ́gun mi," ló sọ fún Enoch lálẹ́ ọjọ́ kan. Enoch nawọ́ sókè, ó wò ó, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà kò ju ariwo kékeré kan lọ. Alhaja Ajarat ní fóònù kan tó máa ń gbé kọ́rùn nínú àpò aláwọ̀ ewé. Lọ́jọ́ kan, Dorothy ń fi igi tọ́ka sí D nígbà tí fóònù náà dún túrú-túrú. Alhaja dìde, ó so ìborùn, ó doríkọ ẹnu ọ̀nà.

"Alhaja, ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ bá Débọ́lá ni, kó bá mi ka mẹ́sééjì."

Débọ́lá ni ọkùnrin tó gbé agboòrùn sídìí títì ní Kétu, táwọn èèyàn ti máa ń sanwó pe fóònù.

"Ẹ sì máa rìn dé Kétu nítorí ìyẹn?"

"Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ohùn ẹ̀ ló tilẹ̀ ń dùn mí. Ṣe ló máa ń kà á bí ẹni ń wàásù. Ìgbà tí ẹbí ẹni tó fẹ́ fẹ́ Aliyah ọmọ mi kọ̀wé pé àwọn ń bọ̀ wá mọ̀ wá, gbogbo ibùdókọ̀ ló bá mi gbọ́ ọ. Ẹni tó ń ta gúgúrú ló kọ́kọ́ kí mi kú oríire."

Dorothy gba fóònù náà, ó kà á sí i létí jẹ́jẹ́. Ojú Alhaja tàn bí iná. Lójú ẹsẹ̀, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú ìró, láti abẹ́ gèlè, láti inú kọ́múù. Kò sẹ́ni tí kò ní mẹ́sééjì tí kò tíì kà. Ìbíjọkẹ́ ní ọ̀kan tí wọ́n fi kí i kú ọdún Kérésì, Kérésì ọ̀hún sì ti di méjì sẹ́yìn. Dorothy kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ̀fọn fi lé wọn jáde.

Nígbà tí wọ́n dé lọ́jọ́ kejì, àwòrán bàtà àti ejò kò sí lára ògiri mọ́. Dorothy ti ya fóònù kan sójú pátákó, ó tóbi tó ilẹ̀kùn, ó ní bọ́tìnì, ó sì kọ nọ́ńbà àti lẹ́tà sí wọn lára. Ó kúkú mọ̀ pé kò sí ọlọ́jà tí kò mọ nọ́ńbà. Ara nọ́ńbà ló wá gbà dé ìdí lẹ́tà.

"Ta ló ń gbé ojúlé kejì?" ló bi wọ́n.

Wọ́n wo fóònù ọwọ́ wọn, wọ́n tún wo ti ara pátákó.

"A ló ń gbé níwájú. Ẹ kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, A á jáde. Ẹ kàn án lẹ́ẹ̀mejì, B á jáde. C ló wà ní yàrá ẹ̀yìn. Àlejò nìyẹn, kò bá wa tan, ẹ má dà á láàmú."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí kíláàsì náà, gbogbo ilé dákẹ́. Pí, pí, pí nìkan lèèyàn ń gbọ́. Bàbá Ọláìyá kò ní fóònù, ṣùgbọ́n nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti gbẹ́ pákó kékeré kan, ó fi ẹfun kọ bọ́tìnì sí i, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ dún pí. Nígbà tí Dorothy ní lẹ́tà mẹ́ta tó lóòjọ́, àwọn ló wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ mẹ́fà.

Ìbíjọkẹ́ ló kọ́kọ́ fi mẹ́sééjì ránṣẹ́. Ó tẹ bọ́tìnì títí òógùn fi bò ó, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Alhaja Ajarat tí èjìká wọn kanra lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Alhaja kà á lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì: *Sun siwaju*. Ó ronú díẹ̀, ó tẹ tirẹ̀ padà: *Rara*. Inú Dorothy dùn débi pé ó jáde síta, ó rìn yí ká ilé ìwé kó tó lè padà wọlé.

Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ ọ́ lóminú. Fóònù ìgbà náà kò ní àmì, kò lè kọ ẹ tàbí ọ pẹ̀lú àmì abẹ́ wọn, ká má tíì sọ àmì ohùn. Ó ń kìlọ̀ fún wọn lójoojúmọ́ pé kí wọ́n ṣọ́ra, pé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò ní àmì lè ṣini lọ́nà. Wọ́n á ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n á sì máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ó di ọjọ́ Tọ́sìdeè kan, ọkọ̀ tó ń kó iṣu Ìbíjọkẹ́ bọ̀ láti Ṣakí dẹnu kọlẹ̀ ní Ìbàfò. Ìbíjọkẹ́ rántí pé ẹ̀gbọ́n ọkọ òun, Catherine, tó ń gbé Gbàgádà, mọ àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù. Ó lè pè é. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ̀wé, kí ló tún fẹ́ máa pariwo sí? Ó jókòó sórí iṣu, ó tẹ mẹ́sééjì, ó fi ránṣẹ́, ó sì gba kíláàsì lọ, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Kò tíì jókòó gbóná nígbà tí Catherine já wọlé, gèlè lọ́wọ́, bàtà ẹsẹ̀ kan. Tòkunbọ̀, ọkọ Ìbíjọkẹ́, tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tí epo ẹ́ńjìnì ti ta sí.

"Ìbíjọkẹ́," ni Catherine wí, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, "kí ni àbúrò mi fi ṣe ọ́?"

"Mi ò tíì dé Ìbàfò lọ́dún yìí," ni Tòkunbọ̀ wí láti ẹ̀yìn.

Ìbíjọkẹ́ wò wọ́n tìyanu-tìyanu. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹ ti bá mi rí òmíràn?"

Catherine wá àga jókòó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́," ni Ìbíjọkẹ́ ń bá a lọ. "Èyí tó wà ńlẹ̀ yẹn ti gbó, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tó ti ń yọ èéfín. Mi ò ní kẹ́ ẹ wá tuntun fún mi. Bó jẹ́ tòkunbọ̀ náà, kò burú, kó ṣáà ti lágbára."

"Ṣé èmi lo ní ó ti gbó?" ni Tòkunbọ̀ bi í.

Dorothy rọra gba fóònù lọ́wọ́ Catherine, ó wo ohun tó wà níbẹ̀. *Egbon e kaasan. Oko mi ti baje ni Ibafo. E jowo e ba mi wa oko miran kia. Eyi to lagbara.* Ayálégbé Catherine ló kà á fún un, ó sì ti kà á bó ṣe yé e.

Dorothy fẹ́ ṣàlàyé. Ó la ẹnu, ẹ̀rín ló jáde. Ó di pátákó mú, ó tún gbìyànjú, kò ṣeé ṣe. Tíṣà tó ń fi ojú lásán pa ọmọ lẹ́nu mọ́ di ẹni tó fi iwájú orí ti fóònù tó yà sójú pátákó, èjìká rẹ̀ ń mì, ẹfun sì ti kùn ún lójú. Níkẹyìn, ó nu omi ojú, ó kọ ọ́ gàdàgbà: *oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀*. Ó tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ibi tí iṣu ti ń hù, ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà yìí, ohun tí wọ́n fi ń kọ ebè, àti ohun tó bàjẹ́ ní Ìbàfò.

Bàbá Ọláìyá ní ó ku ọ̀kan. Dorothy bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ jẹ́ kó kù bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí ó wá yé gbogbo wọn, ilé náà kò gba ẹ̀rín mọ́. Alhaja Ajarat bọ́ sílẹ̀, ó jókòó sórí sìmẹ́ńtì. Catherine fi gèlè bojú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni ń sunkún. Ìbíjọkẹ́ dìde, ó lọ bá Tòkunbọ̀, ó fi etí ìró nu epo ẹ́ńjìnì lójú rẹ̀. "Ìwọ gan-an kò bàjẹ́," ló wí. Tòkunbọ̀ ní òun gbọ́, ó sì lọ wá ọkọ̀ akẹ́rù. Iṣu dé Mile 12 kí wọ́n tó kírun Àsùbáà ọjọ́ kejì.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọlọ́jà fúnra wọn ti ń bèèrè àmì. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, wọ́n á jà lórí ibi tí ohùn ti lọ sókè, Dorothy á sì jókòó tì wọ́n bí adájọ́. Lórí fóònù, wọ́n fẹnu kò pé ohun tó bá ní táyà, mọ́tò ni kí wọ́n máa kọ. Catherine ní ayálégbé kan kò ní kàwé òun fún òun mọ́ láyé, ó forúkọ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ojúlé kejì.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Tọ́sìdeè ọ̀hún, Dorothy délé lálẹ́ pẹ̀lú ẹfun lórí imú. Enoch bá a níbi tó ti ń se ẹ̀wà, tó ń dá rẹ́rìn-ín sínú ìkòkò. Ó bi í kí ló dé. Dorothy bẹ̀rẹ̀ láti Ìbàfò, kò lè dé Gbàgádà. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí rẹ̀. Nígbà tó fi máa dé orí Tòkunbọ̀, ẹ̀wà ti jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Wọ́n ha á jẹ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú gaàrí.