Ẹ̀rọ Àǹtí Ẹ-Má-Dá-Sí-I

Bí ẹ bá fẹ́ bí àbúrò bàbá mi nínú, ẹ sọ fún un pé òpè ni ẹni tí kò mọ ẹ̀rọ lò. Á ní kí ẹ jókòó, á sì bi yín léèrè ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà. Lójú Àǹtí, ẹni tó ṣe é ló jẹ̀bi. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Èmi náà ti bá ẹ̀rọ ìfọṣọ jà rí, tí mo rò pé orí mi ni kò pé.

Iṣẹ́ tó ń ṣe láti ìgbà èwe nìyẹn: kí ẹ̀rọ má máa sọ ọmọ ènìyàn di òmùgọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe lífítì ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, bọ́tìnnì tó ń ṣílẹ̀kùn àti èyí tó ń tì í jọra bí ìbejì. Ẹni tó fẹ́ dúró de aládùúgbò rẹ̀ á kàn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú, wọn ò sì ní kí ara wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Àǹtí ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ilé ìwòsàn.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀. Á pe ẹni tí kò rí ẹ̀rọ náà rí, á gbé e síwájú rẹ̀, á fà sí igun yàrá, á sì máa wò. Bí onítọ̀hún tilẹ̀ ń làágùn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́. Àwọn ẹnjiníà kì í lè pa á mọ́ra. Ọwọ́ á máa yún wọn láti nawọ́ sí bọ́tìnnì. "Ẹ má dá sí i!" ni Àǹtí á máa wí. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ẹ-Má-Dá-Sí-I nìyẹn, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju oyè lọ.

Èyí tó fi ń yangàn jù ni ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn fún ẹni tí kò lè mí dáadáa, èyí tí ènìyàn lè gbé sílé. Gbogbo ẹni tó pè wá dán an wò ló yege. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ wọn ti mú ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Àsìkò yẹn gan-an ni ẹ̀dọ̀fóró bàbá mi daṣẹ́ sílẹ̀. Bàbá wà nílé ìwòsàn, ó sì ń pariwo pé ilé lòun ń lọ. Dókítà ní òun á jẹ́ kó lọ bí ìyá mi bá lè dá ẹ̀rọ náà lò láìsí nọ́ọ̀sì nítòsí. Bí rọ́bà tí atẹ́gùn ń gbà kọjá bá yọ tí kò mọ ohun tí yóò ṣe, ẹ̀mí Bàbá ló máa lọ sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ di ẹrù yín," ni Àǹtí wí. "Ìyàwó wa á lò ó bí ẹni ń mumi."

Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo. Nọ́ọ̀sì yọ rọ́bà ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀rọ fariwo ta, ìyá mi sì tì í padà wẹ́rẹ́. Wọ́n tún un ṣe, ó tún mọ̀ ọ́n. Bàbá ti ń wá bàtà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù Àǹtí dún, ó sì kọjú sí fèrèsé. Nọ́ọ̀sì tún yọ rọ́bà. Ìyá mi wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tẹ bọ́tìnnì kan. Ariwo dákẹ́, iná aláwọ̀ ewé sì tàn. Ìyá mi fara balẹ̀ jókòó, rọ́bà ṣì wà nílẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ̀rọ ò fẹ́ atẹ́gùn mọ́ o!" Àǹtí ké nígbà tó yíjú padà.

"Ó mà ti dákẹ́, iná rẹ̀ sì dáa."

"Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì láìṣìṣe!"

"Ẹ ò wò mí lọ́tẹ̀ yìí ni, Eyínfúnjowó." Orúkọ tí ìyá mi fún un nígbà tó délé ọkọ nìyẹn. "Ibi tí ojú yín bá ń wò ni mo ń fọwọ́ sí. Àbí kò yẹ bẹ́ẹ̀ ni?"

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. Ẹni tó ń kígbe pé kí ẹnikẹ́ni má dá sí i, ojú rẹ̀ ló ti ń dá sí i láti ọjọ́ yìí wá.

"Ojú tìrẹ ló máa wá dá mi dúró síbí?" Bàbá fi ìbínú ju bàtà sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo bà á jẹ́, èmi náà ni n ó tún un ṣe."

Ó lọ bá ọ̀gá pé kí wọ́n má tíì tà á. Ọ̀gá ní ṣebí gbogbo ènìyàn ló yege.

"Èmi ni mo yege," ni Àǹtí fèsì. "Àbí ẹ máa kó mi mọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan nínú páálí ni?"

Ọ̀gá fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu. Wọ́n pe àwọn ènìyàn tuntun. Àǹtí kọjú sí ògiri bí ọmọdé tí wọ́n ń fìyà jẹ, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kùnà. Ó dùn ún wọra, ṣùgbọ́n n kò rí i kó ṣojo. Ó yọ iná onírọ́ yẹn kúrò. Ó jẹ́ kí ẹ̀rọ máa sọ̀rọ̀ ní èdè tí ìyá mi gbọ́: "Rọ́bà ẹ̀yìn ti yọ. Ẹ tì í padà." Á kọ́kọ́ sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹ kò bá dá a lóhùn, á wá pariwo, kò sì ní dákẹ́ títí atẹ́gùn yóò fi padà.

Lọ́jọ́ tí ìyá mi tún dán an wò, ìta gbangba ni Àǹtí lọ dúró sí. Nọ́ọ̀sì ló jáde wá sọ fún un pé ìyá mi ti yege. Bàbá wálé.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Àǹtí wá kí wa. Ìyá mi ń ká aṣọ, ó ń ròyìn ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé tí kò tì dáadáa, ó wá fi kún un pé rọ́bà yọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Àǹtí fò dìde. "Ó yọ? Kí ló dé tí ẹ ò pè mí?"

"Kí n pè yín kí ẹ wá ṣe kí ni?" Ìyá mi ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ó ní ó yọ, mo tì í padà, mo lọ kó aṣọ tí mo sá."

Àǹtí yíjú sí Bàbá. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ìgbà wo ló yọ?" ni Bàbá béèrè. "Ó dà bíi pé mo ń sùn."

Ìgbà náà ni Àǹtí bú sẹ́kún ayọ̀.