Ohun Aláìlẹ́sẹ̀ tó wà nínú Ilẹ̀dú Mi

Òdòdó ni mò ń tà létí títì ní Lákọwé, òdòdó àti ilẹ̀dú, erùpẹ̀ dúdú tó lọ́ràá. Iyanrìn ló kún ọ̀dọ̀ wa níbí, òdòdó kì í sì í hù dáadáa nínú iyanrìn. Nítorí náà, ẹni tó ti fi owó gọbọi ra ilẹ̀ ní ẹ̀síteètì, tó kọ́lé sí i, tó fi geeti ńlá tì í, á tún sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò wá sọ́dọ̀ mi kó wá ra erùpẹ̀ ní àpò-àpò. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tán kí n tó dá owó lé e.

Ọkùnrin kan ló ń bá mi gbẹ́ erùpẹ̀ náà. Ará Ọ̀ṣun ni, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin wà nílé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló sì fi ń bọ́ wọn. Ọwọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, torí pé ó kù díẹ̀ kí ọ̀kan nínú wọn ṣòfò lójú mi.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ náà. Mo ń to ọmọ òdòdó sínú ọ̀rá nígbà tí mo gbọ́ igbe rẹ̀ láti ẹ̀bá àbàtà, níbi tó ti ń gbẹ́lẹ̀. Mo sáré débẹ̀. Ó di ọwọ́ ọ̀tún mú, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ìka rẹ̀. Lábẹ́ ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ jíjẹrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí kúrò, nǹkan dúdú kan ń dán, ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ sí ọwọ́, ó ń yí ara. Mo wá orí rẹ̀, mi ò rí i. Mo wá ìrù, mi ò rí ìyẹn náà. Bí ìbí ṣe rí ni ọ̀hún náà rí.

"Olórí méjì ni! Ejò olórí méjì!"

Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló ti dé yẹn. Ẹnì kan fi ṣọ́bìrì gbé nǹkan náà sínú garawa ọ̀dà. Ọ̀gá wọn, bàbá bíríkìlà kan tó máa ń fi irùngbọ̀n pàṣẹ fún gbogbo ayé, fa rọ́bà taya yọ, ó so ó mọ́ apá ọkùnrin náà lókè ìgbọ̀nwọ́, ó fà á le títí rọ́bà fi ké.

"Ẹ lọ bá mi ra abẹ tuntun wá," ni bàbá wí. "Oró ejò lásán, ọ̀nà kan ló ń gbà. Ti olórí méjì, ọ̀nà méjì ni. A máa là á lọ́rùn ọwọ́, a tún máa là á ní ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ̀jẹ̀ dúdú lè jáde."

"Ọ̀nà méjì bí ìgbà téèyàn ń lọ Ẹ̀pẹ́, tó tún ń lọ Àjáh?" ni mo bi í. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ò rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

"Ìyá Olódòdó," ọkùnrin mi tó ń gbẹ́lẹ̀ wò mí, "ṣé mo máa kú ni?"

"Ta ló máa wá gbẹ́ erùpẹ̀ mi? Jókòó jẹ́ẹ́."

Ìgbà náà ni mo rántí Àǹtí olùkọ́. Oníbàárà mi ni, ó ń gbé ní ẹ̀síteètì VGC, ó ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ló kọ́ àwọn ọmọ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ó ti sọ fún mi rí pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbẹ́ ilẹ̀ tútù yìí, tẹ́ ẹ bá rí nǹkan tí kò lẹ́sẹ̀, tí ara rẹ̀ ń yọ̀, ẹ má pa á, ẹ pè mí." Mo rò lọ́jọ́ náà pé owó ìfẹ̀yìntì ló gun obìnrin yìí lórí. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́, mo pè é, mo gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa gbọ́, mo sọ fún un pé wọ́n ti so apá, abẹ ń bọ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o," ló kọ́kọ́ wí. "Ẹ kàn wò ó fún mi. Ṣé ara rẹ̀ gbẹ ni àbí ó ń yọ̀?"

"Ó ń yọ̀ bí ilá, mà."

"Ìpẹ́ ńkọ́?"

"Kò sí. Ìlà ló yí i ká láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni kó òrùka wọ ìka kan ṣoṣo."

"Ojú rẹ̀?"

"Ojú wo, mà? Awọ ti bo ibẹ̀. Àmì kan ni mo rí bí ojú abẹ́rẹ́."

"Ẹ wo àárín àmì yẹn àti ihò imú. Ṣé nǹkan tín-ín-rín kan ń yọ jáde, tó tún ń wọlé?"

Mo kúnlẹ̀ ti garawa. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, bí ṣóńṣó òwú, ó ń yọ jáde, ó ń padà, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

"Kì í ṣe ejò," ni Àǹtí wí, ohùn rẹ̀ sì yí padà bí ti ọmọdé tó rí àkàrà. "Ìbátan ọ̀pọ̀lọ́ ni. Agbo ilé mẹ́ta ni wọ́n: àwọn ọ̀pọ̀lọ́ àti kọ̀ǹkọ̀; àwọn kan tó ní ẹsẹ̀ àti ìrù, tí kò sí lọ́dọ̀ wa; àti àwọn aláìlẹ́sẹ̀ yìí, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Ó ní eyín, ó lè géni jẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pààyàn. Ẹ tú okùn yẹn, ẹ fọ ojú ọgbẹ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kàn án!"

Abẹ ti dé. Bàbá ń tú bébà ara rẹ̀.

"Ẹni tó jókòó sábẹ́ ẹ́síì ní VGC," ni bàbá wí, "ló ń sọ ohun tó wà nínú ihò Lákọwé fún mi? Tó bá jẹ́ ọ̀pọ̀lọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ dà?"

"Ó fi yá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé abẹ yẹn sílẹ̀."

Ọkùnrin mi fúnra rẹ̀ ló wá na ọwọ́ sí wọn. Ọwọ́ náà ti wú, ó ti dúdú bí àgbálùmọ̀ tó bàjẹ́. "Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e. Mi ò mọ ìka mi mọ́. Oró ti dé ibẹ̀. Mo lọ́mọ mẹ́rin."

Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Pé mo ka ìwé? Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìkẹfà gan-an mi ò parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó máa ta òdòdó, ẹja àrọ̀ ni mo tà ní Àjáh fún ọdún púpọ̀. Mo sì ti fọwọ́ kan òkú ejò rí: ó gbẹ bí bẹ́líìtì.

"Bàbá, ẹ dúró. Tó bá jẹ́ ejò, ẹ ó gé ti èmi náà pọ̀."

Mo ti ọwọ́ bọ inú garawa.

Àǹtí ń pariwo nínú fóònù pé kí n má ṣe é. Ó tutù. Ó ń yọ̀ gẹ́lẹ́ bí ẹja àrọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú omi. Ó yí ìka mi po, ó fi imú tì mí níhìn-ín, ó tì mí lọ́hùn-ún, ó ń wá ilẹ̀ tó máa wọ̀. Mo ń wo ojú bàbá, bàbá ń wo ọwọ́ mi. Ó pẹ́ gan-an, tàbí kí n sọ pé ó pẹ́ lójú tèmi. Nǹkan náà kò gé mi jẹ.

"Ẹ tú rọ́bà, Bàbá."

Wọ́n tú u, díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ padà sí ọwọ́, ọkùnrin mi ké bí ẹni tí tanpẹ́pẹ́ bo.

"Oró ló ń gbéra yẹn?" ni bàbá bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Rọ́bà yín ló ń gbéra."

A fọ ọgbẹ́, a gbé ọkùnrin mi sí kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sílé ìwòsàn, èmi náà fọ ọwọ́ tèmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì fi irin kékeré tú ojú ọgbẹ́, ó sì yọ àfọ́kù ìgò kan jáde níbẹ̀, kò tó èékánná. Ìgò! Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó wá wo ipa rọ́bà tó yí apá náà ká, ó béèrè pé ta ló ṣe èyí. "Ká ní ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ́ díẹ̀ sí i, ọwọ́ yìí ì bá ti kú," ló wí. Ọkùnrin mi ń ká ìka rẹ̀, ó ń nà án, ó ń ká a, bí ẹni ń ka ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí a padà dé, mo bá garawa lábẹ́ ibòji. Ẹnì kan ti fi àpò tútù bò ó. Mi ò béèrè ẹni tó ṣe é, bàbá bíríkìlà náà ò sì wo ojú mi. Nínú ihò tí wọ́n ti gbé e, àwọn ọmọ rẹ̀ kékeré mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́ra wọn pọ̀, wọ́n funfun báláú. Mo tún pe Àǹtí, ó ní awọ ara ìyá wọn ni wọ́n ń fi eyín họ jẹ, ìyá náà á tún hu òmíràn fún wọn. Mo ní ìyẹn ò jẹ́ tuntun létí mi, mo ti bí mẹ́ta. Mo dà á padà sọ́dọ̀ wọn, a yí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ padà sí àyè rẹ̀, a sì lọ gbẹ́ ibòmíràn.

Títí dòní, bàbá ṣì ń sọ pé olórí méjì ni. Ṣùgbọ́n abẹ tuntun yẹn, irùngbọ̀n ló fi fá lọ́jọ́ Sunday. Ọkùnrin mi ló di dígí mú fún bàbá, pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún.